Ẹnu Mi Ló Pe Àwọn Ọmọ Dubstep Wá Sí Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Mowe ní Sátidé tó kọjá. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, tí ọ̀kadà méjì bá jọ kọjá lẹ́ẹ̀kan, àyà mi á já, mo ti fẹ́ sá sẹ́yìn fírísà nìyẹn!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mínírà àti omi tútù ni mò ń tà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹnu ni mo fi ka ìyókù. Ẹnu yìí ló ń bá mi tajà. Ẹni tó bá wá ra omi, á gba èébú díẹ̀ mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́, á rẹ́rìn-ín, á tún padà wá lọ́la. Èébú mi máa ń dùn ni.

Nítorí pé fírísà mi ń dì dáadáa, àwọn ọmọ kan ti sọ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi di pálọ̀ wọn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń kóra jọ síbẹ̀, tí wọ́n á máa jiyàn lórí orin kan tí wọ́n ń pè ní dubstep. Ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí? Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dọ̀tí, kí ẹ gbé ìkòkò irin lé e lórí. Òun náà nìyẹn! Lójú tèmi o. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ràfíù tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ mi ni olórí àwọn tó ń tẹ̀lé Gìrì. Ọmọ Magboro ni Gìrì yìí, kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe orin náà. Dòtun tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ibogun, Tọ́ńdà ti Ifọ̀, tóun náà ń ṣe orin yìí, ni tiẹ̀. Ràfíù á ní kò sí álíbọ́ọ̀mù tó mì tó ti Gìrì, pé tí béèsì rẹ̀ bá wọlé, èékánná ẹsẹ̀ èèyàn á gbọ́. Dòtun á ní ariwo lásán ni, pé Tọ́ńdà ní ọmọbìnrin tó ń bá a kọrin, Àníkẹ́, àti pé orin tí kò ní ohùn èèyàn nínú, ẹ̀rọ ìlọta ni. Ràfíù á ní irọ́ ni, kọ̀ǹpútà ló ń tún ohùn ọmọ náà ṣe, kò lè dìde dúró kó kọ ọ́ lójú èèyàn bó ṣe wà nínú álíbọ́ọ̀mù.

Ibi tí mo ti ki ẹnu bọ̀ ọ́ nìyẹn. Ta ló rán mi?

Wọ́n gbé orin náà sí mi létí. Ohùn ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gbọ̀n bí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí nínú afẹ́fẹ́. Mo ní, "Èyí tí wọ́n dì nímú yìí? Kọ̀ǹpútà ni jàre! Ẹ ní kó wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi níbí, kó pe oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì títì yẹn. Tí oníbúrẹ́dì bá fi lè yíjú, gbogbo yín lẹ máa mu mínírà ọ̀fẹ́!"

Ẹ̀rín pa wọ́n! Ràfíù ṣubú lórí táyà tó jókòó lé. Èmi náà ń rín ẹ̀rín ara mi. N ò mọ̀ pé ẹnì kan ti na fóònù sí mi lójú.

Kí n tó mọ̀, fídíò mi ti dé Ifọ̀, ó ti dé Ibogun. Àwọn tí n ò mọ̀ rí ń dúró kí mi lọ́nà, "Ìyá Oníbúrẹ́dì!" Ṣé kí n purọ́ fún yín? Inú mi dùn. Mo ti di gbajúmọ̀!

Àfi bí Dòtun ṣe wọlé lọ́jọ́ kan tí kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe òde orin ní Ibogun ti rí fídíò mi. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Tọ́ńdà pé kó dá wá, kó fi Àníkẹ́ sílẹ̀ nílé, nítorí tí ìyá onímínírà bá lè gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni, kí ni àwọn fẹ́ fi í ṣe? Ó ní ọmọ náà kò jẹun mọ́. Ó ní àwọn olólùfẹ́ Tọ́ńdà sì ti búra, wọ́n ń mú Àníkẹ́ bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé.

Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe. Ó ní, "N ò mọ̀, mà. Inú ń bí wọn gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn."

Kí n má ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé? Nínú oòrùn yìí? Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn mínírà onígò wọlé, oníke ni mo fi síta. Ìgò lọ́wọ́ ẹni tínú ń bí, ṣé nǹkan mímu ni?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán ní Sátidé náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá márosẹ̀ yìí láti Ibafo dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Tánkà! Mo ti ká ìró mi sókè, mo fẹ́ sáré, kí n tó rí i pé tánkà kọ́. Márúwá kan ni, wọ́n gbé sípíkà tó tó ilẹ̀kùn sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kadà sì tẹ̀ lé e rẹrẹẹrẹ, àwọn ọmọ tó wọ dúdú kún orí wọn. Béèsì yẹn ń lọ wúù, wúù, àwọn ìgò mi ń jó nínú kéèsì.

Mo wo ọ̀dọ̀ Ràfíù pé kó gbà mí. Àwọn tiẹ̀ náà ti kóra jọ sídìí táyà, wọ́n mú irin ìtútáyà lọ́wọ́. Èmi ni mo wà láàárín!

Mo sá sẹ́yìn fírísà. Bí mo ṣe ń sá ni mo gbá kéèsì kan dà nù, ìgò yí dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ gbàdúrà, gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ sá lọ, ti oúnjẹ nìkan ló kù lẹ́nu mi. Mo ń ṣe bísímílááhì bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ̀bà!

Wọ́n pa sípíkà. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, onírùngbọ̀n, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá fírísà mi gbàà. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ jáde. Ẹ ní kó wá, ó ti wá. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, tí ẹ tún ní kọ̀ǹpútà ni..."

Kò parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò parí ló máa ń dẹ́rù bani jù.

Ni Ràfíù náà bá ké láti ọ̀hún pé, "Ìyá wa, ẹ má yí ohùn padà o! Ẹ rántí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀!" Ràfíù! Tó ń jẹ ẹ̀wà nínú ìkòkò mi! Ibi tí mo bá gbé e gbà, ṣọ́ọ̀bù mi ló máa fọ́.

Mo yọrí. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan ló kúnlẹ̀ síwájú mi, ó wọ híjáàbù. "Ẹ kú ọjà mà." Ohùn bíi ti ẹ̀fọn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo wo tèmi, ó ń gbọ̀n. Àwa méjì tí ọ̀rọ̀ kàn là ń gbọ̀n, àwọn tí kò kàn ló mú irin dání.

Wọ́n ní kó kọ ọ́. Ó dìde, ó la ẹnu. Ikọ́ ló jáde. Àwọn Ràfíù bú sẹ́rìn-ín, "Kọ̀ǹpútà! Kọ̀ǹpútà!" Onírùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó mú ìgò kan nílẹ̀, nínú èyí tí èmi fúnra mi dà nù. Omijé ti ń bọ́ lójú ọmọ náà. Mo mọ̀ pé bí ìgò yẹn bá fi gbéra, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó máa dúró.

Ẹ̀rù ló sọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo ní, "Ọmọ mi, fi orin sílẹ̀ ná. Kí ni ìyá rẹ ń tà?"

Ó ní, "Ẹ̀kọ ni mà. Ní rélùwéè Ifọ̀."

"Ìwọ náà kiri rẹ̀?"

"Láti kékeré mà."

"Ó dáa. Polówó rẹ̀ fún mi."

Ó pajú dé. Ó gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó di igbá mú lórí. "Ẹ̀kọ gbóná rè é oooo! Ẹ̀kọ ìyá Àníkẹ́, ẹ jẹ ẹ́ kí ọkọ̀ tó ṣí oooo!"

Háà! Ohùn náà gba orí ọ̀kadà, ó gba orí tírélà, ó sọdá. Ohùn ẹni tó ti ń pe èrò nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ nìyẹn! Oníbúrẹ́dì yíjú pẹ̀lú igbá lórí. Bàbá kan tó ń tọ̀ sídìí fẹ́ǹsì yíjú, ó gbàgbé ohun tó ń ṣe. Oníbúrẹ́dì pariwo padà, "Èló ni ẹ̀kọ?"

Ràfíù ní ìpolówó nìyẹn, kì í ṣe orin. Ìgò ṣì wà lókè. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dúró. Ó fa "oooo" yẹn gùn, ó tẹ̀ ẹ́, ó wọ inú orin. Orin tí mo gbọ́ nínú fóònù gan-an! Gbígbọ̀n yẹn náà, okùn inú afẹ́fẹ́ yẹn náà. Ìpolówó ẹ̀kọ ìyá rẹ̀ ni Tọ́ńdà gbé lé béèsì! Àwọn tó mú un wá gbè é. Mo wo Ràfíù, ètè rẹ̀ ń mì. Ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí, oníjìbìtì!

Mo fi gbogbo ohùn tó kù mí ké pé, "Èèyàn ni! Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, èèyàn ni! Ìwọ onírùngbọ̀n, gbé ìgò yẹn wá kí n bá ọ ṣí i!" Ó wo ìgò náà bí ẹni tí kò mọ bó ṣe dé ọwọ́ òun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Dòtun tó wà láàárín wọn ti ń fi fóònù ká mi sílẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Ibogun lójú ẹsẹ̀. Mo ti ṣèlérí ọ̀fẹ́. Kí wọ́n tó mu fírísà mi gbẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dáhùn pé kí Àníkẹ́ máa bọ̀.

Ẹ ṣì rò pé ìjà tán? Ràfíù nu ẹnu, ó ní bí ohùn ọmọ náà bá dùn tó báyìí lójúkojú, a jẹ́ pé Tọ́ńdà ló bà á jẹ́ nínú álíbọ́ọ̀mù, a jẹ́ pé Gìrì ló mọ iṣẹ́ jù. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀!

Kí Àníkẹ́ tó lọ, mo bi í pé báwo ló ṣe gboyà wá pẹ̀lú bó ṣe ń gbọ̀n yẹn. Ó ní, "Ìyá, tí n kò bá wá, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n á máa gbọ́ dípò ohùn mi." Mo dì í mọ́ra.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ohun tá a fi ẹnu tà láwàdà, ẹlòmíì ló lè fi oúnjẹ rẹ̀ san án. N kò ní jáwọ́ nínú èébú, òwò mi ni, ṣùgbọ́n mo ti ń wo ọwọ́ tó mú fóònù kí n tó lanu. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹnu rẹ̀ ti pe àlejò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dúró pàdé rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí kí n rẹ́rìn-ín, kí àyà mi lè padà sípò. Tí ẹ bá sì ń bọ̀ wá ra omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn wá. Ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.