Aṣọ Funfun Tí Zerline Ullmann Rán fún Ọkọ Rẹ̀

Àwọn ará ìlú tún ti gbé ṣọ́bìrì lọ wá wúrà ní itẹ́ òkú àwọn Júù. Rosl ìyàwó alápatà ló ń sọ ọ́ kiri pé Zerline Ullmann sin wúrà pọ̀ mọ́ òkú ọkọ rẹ̀ kí àwọn Násì tó mú un lọ. Irọ́ ni. Zerline ò padà wá láti ibi tí wọ́n mú un lọ, kò lè gbẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlanke tí èmi Afra fi ń kó pòtétò ni a fi gbé òkú náà, mo sì mọ ohun tí a gbé.

Gerson Ullmann, ọkọ Zerline, màlúù ló ń tà. Kò sí àgbẹ̀ kan ní àgbègbè wa tí kò ra abo màlúù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bàbá tèmi náà rà. Zerline ní tirẹ̀ ni olórí àwọn obìnrin Júù tó ń wẹ òkú, tí wọ́n sì ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń sin ín. Iṣẹ́ ọ̀wọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kì í gbowó rẹ̀. Olówó ni o, tálákà ni o, aṣọ funfun kan náà ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, wọn kì í ta ìdí òwú ní kókó, wọn kì í sì í fi àpò sí i. Mo mọ gbogbo èyí torí èmi ni mo máa ń bá wọn dáná lọ́jọ́ Sábáàtì, nígbà tí àwọn fúnra wọn kì í fọwọ́ kan iná.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí mò ń wí yìí dé, àwọn Násì ti kó àwọn Júù tó ṣì lágbára sínú ọkọ̀ ojú irin, a ò sì gbúròó wọn mọ́. Àwọn arúgbó ló kù, wọ́n há gbogbo wọn mọ́ ilé kan ṣoṣo lẹ́yìn sínágọ́gù tí wọ́n ti dáná sun. Gerson ti dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ọlọ́pàá wọlé, ó ní kí tọkọtaya wà ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Ọjọ́bọ̀, pé ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni wọ́n ń lọ.

“Ọkọ mi ò ní lọ,” ni Zerline wí.

“Àṣẹ ni, ìyá.”

“Mo gbọ́. Ó ń kú lọ. Ibí ni yóò kú sí, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lórí òkè yẹn ni n ó sì sin ín sí.”

Bí ọlọ́pàá ṣe jáde báyìí, Gerson sọ̀rọ̀ látorí ibùsùn. “Zerline, ó jọ pé kí n yára kú.”

“Sùúrù o, baálé mi. Mi ò tíì rán ṣòkòtò funfun tí n ó fi sin ọ́.”

Gerson rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. “Ẹ wo obìnrin tí mo fẹ́! Ikú pàápàá, àfi kó dúró dè é.”

Aṣọ funfun náà dà? Wọn kì í ta aṣọ fún Júù mọ́. Zerline ṣí àpótí, ó mú èyí tó ti rán sílẹ̀ fún ikú ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kó lè fi rán ti Gerson.

“Màmá Ullmann,” mo ní, “kí ni wọ́n máa wá wọ̀ fún ẹ̀yin?”

“Afra, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù. Bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ojú mi ò ríran.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Gerson dákẹ́. Ọlọ́pàá ní kò sáyè ìsìnkú, kí wọ́n fi òkú sílẹ̀, tí ọkọ̀ bá ti gbéra, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú á wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

“Palẹ̀ ta ni mọ́?” Zerline ò dúró gbọ́ ìyókù.

Nínú àwọn ọkùnrin tó ń wẹ òkú, Hirsch Katzmann nìkan ló kù, arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkùnrin ló sì yẹ kó wẹ ọkùnrin. Zerline ká apá aṣọ sókè.

“Ọlọ́run á fojú fò ó,” ni Hirsch wí.

“Tí kò bá fojú fò ó, èmi àti Òun la jọ máa sọ ọ́.”

Káfíntà kankan ò fẹ́ kan pósí fún Júù. A yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, a tẹ́ Gerson sórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun, a gbé e sórí ọmọlanke, a sì ń tì í gba àárín ìlú lọ. Rosl ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹran.

“Zerline! Kí lo dì sínú aṣọ yẹn? Ṣé wúrà ni?”

Ẹni tí kò tó ọmọ tí Zerline lè bí, tó ti ń jẹ lára màlúù ọkọ rẹ̀ láti kékeré!

“Aṣọ yìí ò lápò, Rosl,” ni Zerline dáhùn, kò dáwọ́ títì dúró. “Bó o bá rí ibi tí wúrà wà níbẹ̀, máa mú un.”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wúrà ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí òkè, ní itẹ́ òkú, mò ń gbẹ́lẹ̀, Zerline ń kó erùpẹ̀. Ilẹ̀ le koko. Kòtò náà ò jìn tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó gbà á. Hirsch wá ní òun ò lè ka àdúrà òkú, pé ọkùnrin mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì wà.

“Kà á.”

“Zerline, òfin ni.”

“Wo àwọn ibojì ẹ̀yìn rẹ. Bàbá rẹ wà níbẹ̀, bàbá mi wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n Gerson wà níbẹ̀. Wọ́n ju mẹ́wàá lọ. Kà á.”

Hirsch kà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tẹ̀ lé Zerline dé ibùdókọ̀. Omi ti bọ́ lójú mi kí a tó dé ìdí ọkọ̀. Ó yíjú sí mi.

“Afra, nu ojú rẹ, wọ́n ń wò ọ́. Mo ti sin ọkọ mi síbi tí mo ní n ó sin ín sí. Ó yá, bá mi gbé àpótí yìí sókè, kí o máa lọ sílé.”