Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ò Tíì Kanlẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Gangare ní Jos níbí, kò sí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ mi ládùúgbò wa tí n kò lè dá nínú ìjàkadì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Èmi tí mò ń fi ọ̀pá rìn yìí náà ti lágbára rí. Àwọn òbí wa tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ á wà lọ́jà, àwa ọmọ wọn àtàwọn ọmọ Hausa á máa jàkadì lórí iyanrìn àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Ṣùgbọ́n ìjàkadì ọjọ́ Iléyá yàtọ̀. Àdúgbò wa Gangare àti àdúgbò Tudun Wada ló máa ń pàdé, ọkùnrin nìkan ló sì ń jà á. Lọ́dún kan, ọmọ tíṣà ará Èkìtì kan láti Tudun Wada dá gbogbo ọmọkùnrin wa pátá. Ó wá ń yan kiri, ó ní ṣé ó ti tán ní Gangare ni? Ara mi ò gbà á. Mo fò sáàárín! Bàbá mi, tí inú rẹ̀ kì í dùn rárá pé ọmọbìnrin òun ń fi iyanrìn para, dìde níbi tó jókòó sí.

Ó ní, "Ó dáa. Bá a jà lónìí. Ṣùgbọ́n bó bá dá ọ pẹ́nrẹ́n, o ò ní jàkadì mọ́ láyé rẹ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́ sà.

Háà, ẹ̀yin ọmọ, ká ní ẹ wà níbẹ̀! Ó dì mí mú níbàdí, èmi náà dì í mú. Ó tì mí títí, n ò mì. Ni mo bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, mo yí i bírí, ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀ gbì! "Ya fadi! Ya fadi!" làwọn Hausa ń pariwo, pé ó ti ṣubú. Ní tiwọn, bí orúnkún bá ti kanlẹ̀, ìjà parí. Bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, àárín wọn ni mo dàgbà sí. Mo fi í sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àṣé òfin ilé Yorùbá lọmọ tíṣà mọ̀ ní tiẹ̀: àfi bí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀ kí ìjà tó parí. Ó dìde lẹ́yìn mi, ó gbé mi, ó sì fẹ̀yìn mi lélẹ̀ gbàgà!

Ariwo ta! Àwọn Yorùbá ní èmi ni mo ṣubú. Àwọn Hausa ní wallahi, ìjà ti parí kó tó gbé mi. Ó kù díẹ̀ kí àwọn àgbà fúnra wọn wọ̀yá ìjà. Bàbá Hausa tó ń darí eré náà wá kọjú sí bàbá mi, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ sì mọ òfin ilé yín. Kí lẹ wí?"

Omi ti ń dé sójú mi. Ohun tí bàbá mi ń wá látọjọ́ yìí ló bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Ó wò mí, iyanrìn kún gbogbo irun mi.

Ó ní, "Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ la wà ni, ọmọ mi ló ṣubú. Ṣùgbọ́n Jos la wà. Ìṣe ibìkan, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọmọ mi ló dá a."

Yéè! Wọ́n gbé mi sókè, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin ń ja sumo, ìjàkadì àwọn ará Japan, nínú gbọ̀ngàn kan ní Rayfield, ní Jos níbí. Wọ́n á sán ìgbànú aṣọ tó nípọn, wọ́n á wọ inú òbìrípo tí wọ́n fà sílẹ̀, wọ́n á sì kọ lu ara wọn. Ọmọbìnrin pọ̀ níbẹ̀ bí ọmọkùnrin. Wọ́n ní ní Japan gan-an, obìnrin ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibi táwọn ọ̀gá ọ̀gá ti ń jà. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Wọ́n ti wá mú ọmọ náà báyìí kó lọ ṣojú Nàìjíríà lókè òkun, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mò ń lọ! Bàbá rẹ̀, ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi tọ́, ló ń kùn pé ṣé ìyẹn náà nìṣe obìnrin, ta ni yóò fẹ́ ẹ.

Mo ní, "Bàbá mi tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́ gbà. Ìwọ tí mo bí sí Jos lo wá fẹ́ kọ̀?"