Ife Tí Obìnrin Inú Ìwé Ń Fọ̀

Mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà olóyin lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣa àtẹ kejì tán, mo nu ọwọ́ mi mọ́ ìró, mo sì mú ìwé ìbéèrè tí mo fi sábẹ́ àga.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí n ṣe ìdánwò Lítíréṣọ̀ ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ti yege nínú àwọn yòókù, òun nìkan ló ń já mi kulẹ̀. Ilé ìwé aládàáni kan ní Alápẹ̀rẹ̀ ti ní àwọn á fún mi ní kíláàsì kan bí mo bá yege. Bí mi ò bá yege, ìdí ẹ̀wà ni n ó wà.

Àlàájà tó ni ìsọ̀ ẹ̀wà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Mile 12, kò lọ sí ilé ìwé rí. Ó ń yẹ àwọn àpò tí ọkọ̀ já láàárọ̀ wò. Irin oníhò kan ló máa ń tì bọ ikùn àpò, tí ẹ̀wà àárín á sì máa ṣàn jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kì í fi ti ẹ̀wà ẹnu àpò ṣe.

“Tíṣà,” ó ní, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, “kà á sókè. Ojú ewé kan náà lo ń wò láti àárọ̀.”

Mo ń ka òyìnbó àyọkà náà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ó ní ọkọ òun wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ó pé ọdún méje, òun ò sì retí rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ti gbàgbé ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí òun máa ń ṣe láàárọ̀: òun á gbálẹ̀, òun á fọ ife méjì, òun á ṣí fèrèsé tó kọjú sí odò. Ìbéèrè ni pé, ṣé obìnrin yìí ṣì ń retí ọkọ rẹ̀?

“Kí lo kọ?”

“Mo kọ pé rárá, mà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Irin náà dúró nínú àpò. “Èèyàn mélòó ló ń gbé ilé yẹn?”

“Òun nìkan, mà.”

“Ta ló wá ń fọ ife kejì dè?”

Mo wo ìwé náà. Ife méjì wà níbẹ̀ ketekete, fèrèsé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kà á, mi ò rí wọn. Àlàájà tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ìtumọ̀ tí mo ń kù gììrì ṣe, nínú ariwo àwọn alábàárù, ó sì wọ inú ilé yẹn lọ, ó ka ife.

“Oníbàárà tó ní òun ò fẹ́ ẹ̀wà, tó sì dúró,” ó ní, “ṣé o máa ń jẹ́ kó lọ?”

Láti ọjọ́ náà, gbogbo àyọkà ni mo ń kà sí i létí. Ohun kan náà ló máa ń bi mí: “Kí ló ń ṣe nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀?” Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, mo rọra bi ara mi bẹ́ẹ̀ kí n tó kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan.

Mo yege. Láti ilé kọ̀ǹpútà ní Kétu ni mo ti gbé èsì náà lọ sí ìsọ̀, mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí àpò. Àlàájà ṣàdúrà fún mi pẹ́, ó ṣẹ́ ìwé náà po, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé ó tán.

“Tíṣà, obìnrin tó ń fọ ife yẹn ńkọ́? Ṣé ọkọ rẹ̀ padà dé?”