Nọ́ọ̀sì tó ń ní kí ọmọ fẹ́ òwú

Bí mo bá ti rí òwú funfun, nọ́ọ̀sì kan ní Sàríà ni mo máa ń rántí. Ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ o. Obìnrin náà kì í sọ fún ọmọ pé abẹ́rẹ́ ò ní dùn ún. Á ní, "Ó máa dùn ẹ́ díẹ̀, kò ní pẹ́." Á wá fi òwú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á ní kí ọmọ fẹ́ ẹ dànù.

Ìyá rẹ ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ibà dá a dùbúlẹ̀ ní Tukur-Tukur, àdúgbò wa ní Sàríà. Dókítà ní abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Ó ń tapá, ó ń tasẹ̀. Mò ń dìde, mò ń jókòó, ẹ̀rù ń bà mí pé abẹ́rẹ́ lè kán sí i lára.

Nọ́ọ̀sì wò mí. "Ìyá ọmọ, ta ló ń fi mí dẹ́rù bà á nílé?"

Mi ò lè parọ́, mo jẹ́wọ́. Tí kò bá ti jẹun, èmi ni mo máa ń ní, "Màá pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ, ó na òwú sí i. Ó ní, "Busa," ìyẹn "Fẹ́ ẹ," torí Hausa ló yá ìyá rẹ lẹ́nu. Ọmọ fẹ́ ẹ, òwú ò kúrò. Ó tún fẹ́ ẹ, òwú fò lọ.

"Ó tó, abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti jáde," nọ́ọ̀sì wí.

Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ti ń wá òwú nílẹ̀. Èmi ló ṣì ṣu ẹnu jọ, tí mò ń fẹ́ òwú tí kò sí níbẹ̀ mọ́.