Àpótí Kan Nínú Fọ́ọ̀mù

Àwọ̀ eérú ni bọ́tìnnì náà, ó dákẹ́ sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láti inú. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, mo sì ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ohun tí mo bá ṣàkíyèsí sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé igun ojú kọ̀ǹpútà ló rọrùn jù láti tẹ̀, nítorí ọfà tí a ń fi máùsì darí kò lè kọjá ibẹ̀. Mo kọ ọ́ pé bí ìkìlọ̀ bá ti pọ̀ jù, "Bẹ́ẹ̀ ni" làwọn ènìyàn yóò máa tẹ̀ láìkà á. Mo gbà pé mo ti mọ ènìyàn tán. Ìwé tí mo kà ní yunifásítì kò jẹ́ kí n fura sí ara mi.

Ní ọdún kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀ mí pé kí n ṣe fọ́ọ̀mù tí a ó fi kọ orúkọ àwọn ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà. Àpótí tí a ó kọ orúkọ sí wà níbẹ̀, ti àdírẹ́sì wà níbẹ̀, ti iye ọmọ náà wà níbẹ̀. Bí àpótí kan bá ṣófo, bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá dán an wò, ni mo bá pe ìyàwó mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Rye Lane dé, láílọ́ọ̀nù iṣu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó. Ó fi ìka kan tẹ orúkọ rẹ̀, ó tẹ àdírẹ́sì, ó sì dúró.

"Dádì, bọ́tìnnì yín ti kú."

"Kò kú, Mọ́mì. O ò tíì kọ iye ọmọ ni."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àbí wọn ò kọ́ yín ní yunifásítì?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjẹ́. Kọ méjì, jàre, ká lọ jẹun."

"Méjì?"

Kò pariwo. "Ẹ̀yin ni bàbá wọn. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín." Ó dìde, ó gbé iṣu lọ sí kíṣìnì, mo sì gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára iṣu náà.

Ọmọ mẹ́ta ni a bí. Àkọ́bí wa obìnrin kú ní Ìbàdàn lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kí a tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti gúnlẹ̀ ní Peckham, a kò dárúkọ rẹ̀ fún ara wa rí. Mo rò pé ìfaradà nìyẹn.

Mo gbé ìka lé nọ́ńbà ẹ̀ta lára kọ̀ǹpútà. Ìka náà kò tẹ̀ ẹ́. N kò sunkún; kò tilẹ̀ dùn mí. Ó kàn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lé apá rẹ̀, tí apá náà kò sì dà bí tirẹ̀ mọ́. Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo ṣí ètò náà, mo pa ìlà mẹ́rin rẹ́, àpótí iye ọmọ sì pòórá. Bọ́tìnnì tàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: ìbéèrè tó bá ń dá ènìyàn dúró, yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí akọ̀wé béèrè ìdí, mo ní àwọn ìyá kì í fẹ́ ka ọmọ. Ó yìn mí pé mo mọ àṣà.

Mo pe ìyàwó mi padà. "Mo ti yọ ọ́. Kò ní bi ọ́ mọ́."

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́. "Ẹ ṣé," ló sọ, ó sì padà sídìí ìkòkò.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn; àwa méjèèjì la jọ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù ní Lewisham. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kì í ṣe àṣà ló dá ìyàwó mi dúró lọ́jọ́ yẹn. Kò fẹ́ kí n yọ ìbéèrè náà. Ó fẹ́ kí èmi, bàbá wọn, kọ mẹ́ta ni.

Mo lè sọ ọ́ fún un lónìí. Ó jókòó sítòsí mi bí mo ti ń kọ èyí, ó ń ká aṣọ. Mo la ẹnu, mo sì bi í bóyá yóò mu tíì.