Abọ́ Bàbá Nínú Ìtàn Tíṣà Nwakaego

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wa ní GRA, Onitsha, ìtàn àwọn ọmọdé ni wọ́n kó síwájú mi. Ilé iṣẹ́ ìwé tó rán mi wá láti Ìbàdàn ní kí n máa kà wọ́n, kí n sì sọ èyí tó yẹ kí á tẹ̀. Ogun ti parí, ìlú ń kọ́lé, owó epo ti ń wọlé, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ń béèrè ìwé. Akápò wa a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún gba owó oṣù lórí ọ̀rọ̀ ìjàpá!"

Ohun tí kò mọ̀ ni pé n kì í dá iṣẹ́ náà ṣe. Èmi àti ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, tí mo sin lọ́dún tó kọjá, la jọ ń ṣe é nígbà náà. Ó gbọ́ Igbo débi pé àwọn aládùúgbò wa ní Fegge ń pè é ní nwunye anyị, ìyẹn "ìyàwó wa". Lọ́sàn-án Sátidé, a ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò á pé, Àbẹ̀kẹ́ á sì ka ìtàn tí a kò tíì tẹ̀ sókè fún wọn. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá le, á fi Igbo là á yé wọn. Èmi á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ibi tí ọmọ bá ti dìde lọ mu omi, mo ti sàmì sí i: ìtàn ti rọ̀ níbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé wa kò mọ̀ pé àmù omi ni adájọ́ wọn.

Tíṣà Nwakaego, opó kan tó ń kọ́ni ní Nkwelle Ezunaka, mú ìtàn tirẹ̀ wá. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí bàbá rẹ̀ kò ti ogun dé. Lálaalẹ́ ni ọmọ náà ń bu oúnjẹ sínú abọ́ bàbá, tó ń gbé e sórí tábìlì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀gá wa kò fẹ́ràn rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà, ìgbà ìdẹ̀ra la wà. Ẹ ní kí ó yọ abọ́ yẹn kúrò."

"Abọ́ yẹn ni ìtàn náà, sà."

"Àwọn ọmọ á sunkún!"

Nígbà tí mo sọ fún Tíṣà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìwé rẹ̀ padà. "Bí abọ́ bá kúrò, ẹ má tẹ ìyókù."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró di Sátidé. Mo bẹ ọ̀gá náà kí ó wá fetí ara rẹ̀ gbọ́.

Àwọn méjèèjì wá. Àbẹ̀kẹ́ ka ibi abọ́ náà. Ifeoma, ọmọ ìyá tó ń ránṣọ ní òdìkejì ilé wa, dìde. Ọ̀gá wò mí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lọ síbi omi. Ó sún mọ́ Àbẹ̀kẹ́.

"Mama Dàpọ̀, ta ló ń jẹ oúnjẹ yẹn?"

"Kò sí nínú ìwé, ọmọ mi."

"Ewúrẹ́ ni!" ni ẹnìkan ké.

"Ewúrẹ́ wo ló ń gun tábìlì? Your head no correct!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ifeoma dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. "Nílé tiwa, èmi ni mo ń jẹ ti Papa. Mama ní Papa kì í fẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò."

"Pẹ̀lú ẹran?" ni ọmọ kékeré kan béèrè.

"Pẹ̀lú ẹran."

"Ha! O mà ń gbádùn o!"

Ifeoma náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà Nwakaego fi etí gèlè nu ojú, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ta ló ní kí wọ́n yọ abọ́ yẹn?"

Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Tíṣà mú ojú ewé tuntun wá: ọmọ náà fa àga bàbá rẹ̀, ó sì jẹun. Tíṣà kọjá lára mi ní pálọ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ. "Nwunye anyị, kà á kí n gbọ́." Àbẹ̀kẹ́ nu ọwọ́, ó kà á tán, ó sì nawọ́ ìwé náà sí mi. "Bàbá Dàpọ̀, ó ti tó tẹ̀."

Nígbà tí mo kọ àbọ̀ tí a ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, mo fi orúkọ Àbẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi nísàlẹ̀. Ọ̀gá sọ pé ilé iṣẹ́ wa kò gba ìyàwó mi síṣẹ́. Mo ní mo mọ̀, sà. Ó wò ó títí, ó sì buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.