Ọjọ́ Tí Amí Wa Pààrọ̀ Ojú

Nígbà tí mo ṣì kéré tí a ń gbé ní Dópẹ̀mú, ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá mi kì í fi sinimá amí ṣeré rárá. Amí kan wà tí eré rẹ̀ máa ń jáde ní ìkan tẹ̀lé ìkan, kò sì sí èyí tí wọn ò wò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo ń wí yìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì wọn n'Íkẹjà ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n sì gbọ́ pé ẹlòmíràn ti dé ìdí ẹ̀rọ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n ju ẹsẹ̀ lọ. Oúnjẹ gan-an, ìyá mi ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Nígbà tí eré tuntun ti amí náà dé ilé sinimá Agége, bàbá mi pè mí.

“Tẹ̀lé àǹtí rẹ lọ. Lajú rẹ dáadáa. Ibi tó dáa, sọ fún mi. Ibi tí ò dáa, má bò ó.”

Háà, ọ̀sán Sátidé yẹn! Ọkọ̀ ojú omi ń lé ara wọn, ara mi bù máṣọ. Obìnrin kan gbé ọkùnrin mẹ́ta lulẹ̀, gbogbo wa dìde, a pariwo. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní amí wa kì í ṣe amí wa! Ojú ọ̀tọ̀, ohùn ọ̀tọ̀. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn wa pé, “Ọ̀tá nìyẹn! Ó para dà ni!” Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Títí eré fi parí ni mo ń retí kí ojúlówó já ilẹ̀kùn wọlé. Kò wá.

Ẹ̀rù bà mí bí a ṣe ń bọ̀ wálé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tí wọ́n gbapò rẹ̀ pé wọ́n ti gbapò ààyò rẹ̀ náà?

Mo kọ́kọ́ ròyìn ọkọ̀ ojú omi. Mo ní ọ̀gá àwọn ọ̀tá mú amí, dípò kó yìnbọn, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ bí ẹni tó ń rojọ́.

“Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn,” ni bàbá mi wí.

Mo wá sọ ti ojú. Àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ti ṣẹ́.

“Oyè ni orúkọ yẹn, ọmọ mi. Báálẹ̀ kan lọ, òmíràn jẹ. Ṣé ẹni tuntun yẹn ṣe é dáadáa?”

“Ó mọ ìjà, bàbá mi. Kò kàn mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín bíi ti àkọ́kọ́ ni.”

Wọ́n mi orí. “Wọn ò tíì kọ́ ọkùnrin náà ni.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ọ̀já ẹsẹ̀ wọn, Ìkẹjà ni wọ́n kọ́kọ́ tiro lọ. Wọ́n lọ kọ́ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà bí ẹ̀rọ ṣe máa ń dún kó tó ṣe ènìyàn léṣe.

Lóde òní, ẹ ò nílò ẹni tí yóò ròyìn eré fún yín. Orí fóònù lẹ ti ń wò ó, ẹ ó dá a dúró, ẹ ó fà á sẹ́yìn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, nítorí orúnkún mi ò gbé àtẹ̀gùn sinimá mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú yín pòṣé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó ní, “Màmá àgbà, òun kọ́ nìyí o, wọ́n ti tún pààrọ̀ ẹ̀!” mo ní kó rọra, ká wò ó ná, bóyá ẹnìkan ti kọ́ èyí ní ẹ̀rín.